Bírò, tẹ́sítà tàbí kọ̀ǹpútà: èwo ni ká fi wá ìdíwọ́ ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀tì?

Ẹ mú bírékà kékeré kan lọ́wọ́, kí ẹ yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ óò rí C20 tàbí C32 gàdàgbà níbẹ̀: lẹ́tà ń sọ irú bírékà, nọ́ńbà ń sọ áńpù tó lè máa gbé láìjá. Kò sí oníṣẹ́ iná tí kò mọ ìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò tún rí àpótí tóóró kan tí wọ́n tẹ 6000 tàbí 10000 sínú rẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà, títí kan àwọn tó ń tà á. Iye áńpù tí bírékà náà lè já nígbà ṣọ́ọ̀tì (tí wáyà bá kan ara wọn níbi tí kò yẹ) nìyẹn. Bí iná tó ya wọlé bá ju iye yẹn lọ, bírékà lè yọ́ sínú ara rẹ̀ kó má já mọ́, tàbí kó bú gbàù lójú ẹni tó dúró tì í.

Nọ́ńbà méjèèjì yìí ló gbé ìbéèrè méjì kalẹ̀. Àkọ́kọ́: bí wáyà bá kan ara wọn níbi tó sún mọ́ tiransifọ́mà jù, ṣé bírékà yóò lè gbà á? Ìkejì: bó bá jẹ́ ìdí wáyà tó jìnnà jù ni wàhálà ti ṣẹlẹ̀, ṣé iná tó máa ṣàn yóò pọ̀ tó láti mú kí bírékà já kíá? Ti àkọ́kọ́, iná tó pọ̀ jù là ń wá. Ti ìkejì, iná tó kéré jù ni. Ohun kan náà ló ń dáhùn méjèèjì, ìyẹn gbogbo ohun tó dí iná lọ́wọ́ láti orísun rẹ̀ títí dé ojú ibi tí ṣọ́ọ̀tì wà. Impedance ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, Z ni wọ́n sì ń kọ fún un. Èmi yóò máa pè é ní ìdíwọ́. Ẹ fi ìdíwọ́ pín fóólítì, áńpù ṣọ́ọ̀tì ni yóò jáde.

Ìdíwọ́ ní apá méjì: R, tó ń sọ iná di ooru, àti X, tó ń ti inú agbára òòfà wá. Nínú kébù tí kò nípọn, R ló pọ̀ jù. Nínú tiransifọ́mà, X ló pọ̀ jù. A kì í ro R pọ̀ mọ́ X bí ẹni ń ro owó. Ẹni tó rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí ìlà-oòrùn, tó tún rin mẹ́rin sí àríwá, ìgbésẹ̀ márùn-ún péré ló fi jìnnà sí ibi tó ti gbéra. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni R àti X ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìgbésẹ̀ márùn-ún yìí, torí òun ló máa dá ìjà sílẹ̀ níwájú.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ń fi wéra: ìṣírò ọwọ́ ní ohm (ìwọ̀n ìdíwọ́, Ω ni àmì rẹ̀), ìṣírò ọwọ́ ní MVA (ìwọ̀n agbára: fóólítì tí a fi áńpù lù, tí a kà ní mílíọ̀nù), tẹ́sítà tí wọ́n ń fi wọn ìdíwọ́ nígbà tí iná wà lára wáyà, àti ètò orí kọ̀ǹpútà. Owó ṣe pàtàkì, àkókò náà ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni pé: bí o bá ṣìnà, apá ibo lò ń ṣì sí? Tí ọ̀nà kan bá ń sọ pé iná ṣọ́ọ̀tì pọ̀ ju bó ṣe wà, a ó kàn ra bírékà tó wọ́n ju bó ti yẹ lọ. Tó bá ń sọ pé ó kéré ju bó ṣe wà, a lè ra èyí tó máa bú. Fún ìbéèrè kejì, ẹ dojú ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀: ẹni tó rò pé iná pọ̀ ni yóò fi bírékà tí kò ní já síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo ń wo ohun tí ọ̀nà náà fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti bóyá ẹ lè lò ó nígbà tí ilé ṣì wà lórí ìwé.

Àpẹẹrẹ kan ni màá gbé kiri: tiransifọ́mà 500 kVA, 11/0.415 kV, tí wọ́n kọ 4.75%, ìyẹn ìdíwọ́ rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún, sára pátákó irin rẹ̀. Kébù bàbà 70 mm² ló ti ẹnu rẹ̀ lọ sí pánẹ́ẹ̀lì, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 35. Ká ní agbára ṣọ́ọ̀tì lórí wáyà 11 kV tó ń bọ́ tiransifọ́mà náà jẹ́ 150 MVA.

Ìṣírò ní ohm

Ìwé, bírò àti kákúlétọ̀ orí fóònù, gbogbo ìnáwó rẹ̀ nìyẹn.

Tiransifọ́mà: 0.0475 × 415² ÷ 500,000 = 0.0164 Ω. Bí ìwé ìdánwò rẹ̀ bá sọ pé 5,500 W ló ń sọ di ooru nígbà tó bá gbé ẹrù kún, R rẹ̀ jẹ́ 0.0038 Ω, X rẹ̀ sì jẹ́ 0.0159 Ω.

Orísun 11 kV: 0.415² ÷ 150 = 0.0011 Ω. X la ka gbogbo rẹ̀ sí.

Kébù: R rẹ̀ jẹ́ 0.268 Ω fún kìlómítà kan nígbà tó bá tutù, X rẹ̀ ń lọ sí 0.075. Fún mítà 35, ìyẹn jẹ́ 0.0094 àti 0.0026 Ω.

Ẹ ro R mọ́ R: 0.0132. Ẹ ro X mọ́ X: 0.0197. Ìgbà tí ẹ bá wá fi òfin ìgbésẹ̀ mẹ́ta àti mẹ́rin so wọ́n pọ̀, ìdíwọ́ yóò jẹ́ 0.0237 Ω. Fóólítì fẹ́ẹ̀sì kan sí níútírà jẹ́ 239.6, nítorí náà áńpù ṣọ́ọ̀tì lójú pánẹ́ẹ̀lì jẹ́ nǹkan bí 10,100.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí ni pé kò sí ohun tó fara pa mọ́. Ẹ óò rí i pé kébù fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo R, tiransifọ́mà sì kó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún X. Bí ẹ bá fẹ́ iná tó kéré jù, ẹ kàn fi 1.2 lu R kébù, torí kébù tó ń gbé ẹrù lè gbóná dé 70 °C, bàbà tó gbóná sì máa ń dí iná lọ́wọ́ sí i. Bí iléeṣẹ́ tó ń pín iná kò bá fún yín ní nọ́ńbà 150 MVA yẹn, tí wọ́n sì sábà máa ń fi í falẹ̀, ẹ kà á sí pé orísun kò ní ìdíwọ́ kankan. Áńpù yóò pọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe wà. Fún ìbéèrè àkọ́kọ́, apá tó dáa lẹ ṣì sí.

Ibi tó ti ń kùnà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gùn. Bí fóólítì bá yàtọ̀ ní ibi mẹ́ta mẹ́rin, gbígbé ohm láti ẹ̀gbẹ́ kan tiransifọ́mà bọ́ sí ìkejì yóò sú yín, ibẹ̀ sì làṣìṣe ti ń wọlé. Per unit (kíka nǹkan gbogbo bí ìdá iye kan tí a yàn) tí wọ́n ń kọ́ ní pólì àti yunifásítì wà fún irú èyí. Aṣọ kan náà ni, rírán rẹ̀ ló yàtọ̀, n kò ní kà á sí ọ̀nà ọ̀tọ̀.

Ìṣírò ní MVA

Ọ̀nà àwọn tó ń kánjú nìyí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́. Ẹ ó wá iye MVA tí ohun kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ kó kọjá: tiransifọ́mà, 0.5 ÷ 0.0475 = 10.5, orísun, 150, kébù, 0.415² ÷ 0.00974 = 17.7. Ẹ so wọ́n pọ̀ bí ẹni so rẹ́sísítọ̀ ní parallel (ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pín 1, ẹ ro èsì pọ̀, ẹ tún fi àròpọ̀ náà pín 1), 6.32 MVA ni yóò jáde. Ẹ sọ ọ́ di áńpù: 8,790. Ìṣẹ́jú méjì, ó tán.

Ẹ padà wo ti òkè. 10,100 la rí pẹ̀lú ohm. Ibo ni àwọn áńpù 1,300 tó kù gbà lọ? Ọ̀nà MVA ro ìdíwọ́ kébù, tó jẹ́ R, pọ̀ mọ́ ti tiransifọ́mà, tó jẹ́ X, bí ẹni ń ro owó. Ó ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ méje. Ìdíwọ́ wá pọ̀ lórí ìwé ju bó ṣe wà nínú wáyà, áńpù sì kéré. Lẹ́nu tiransifọ́mà gan-an, níbi tí kò tíì sí kébù, ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu: 13,680 àti 13,710. Kébù ló bà á jẹ́.

Irú ìṣòro yìí ni mo bá ní ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ṣáájú mi ti fi MVA ṣírò, ó rí i pé áńpù kò tó 9,000, ó sì fi bírékà oní-10000 kún inú pánẹ́ẹ̀lì. Ìṣírò rẹ̀ mọ́ tónítóní lórí ìwé, ó tiẹ̀ fi rúlà fà á nídìí. Nígbà tí mo fi ohm tún un ṣe, ó lé ní 10,000 díẹ̀.

Baba tó ni ilé búrẹ́dì wò mí títí. Ó ní, "Ẹnjiníà, nítorí ọgọ́rùn-ún áńpù péré lẹ ṣe ní kí n tún náwó?"

Mo ní, "Bàbá, 415 fóólítì géérégé ni ọgọ́rùn-ún yẹn dá lé. Ẹ wo mítà yín láago méjì òru tí ẹ̀rọ kankan ò ṣiṣẹ́ ládùúgbò."

Bó sì ṣe rí nìyẹn. IEC 60909, ìlànà àgbáyé fún ìṣírò ṣọ́ọ̀tì, ní kí a fi 1.05 tàbí 1.1 lu fóólítì nígbà tí a bá ń wá iná tó pọ̀ jù lórí irú wáyà yìí. Pẹ̀lú 1.05, ó di 10,600. A fi MCCB (bírékà ńlá) oní-16 kA, ìyẹn áńpù 16,000, síbẹ̀. Ó tún ṣeé ṣe kí bírékà ńlá tó wà níwájú ran àwọn kékeré lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tábìlì ẹni tó ṣe bírékà náà ló ń sọ èyí tó bá èyí mu. A kì í méfò rẹ̀.

Tẹ́sítà

Ọ̀nà yìí nìkan ni kò béèrè pé kí ẹ mọ ohunkóhun nípa tiransifọ́mà tàbí kébù. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan fẹ́ẹ̀sì àti áátì, yóò fa iná díẹ̀ kọjá, yóò wo bí fóólítì ṣe lọ sílẹ̀ tó, yóò sì kọ ohm síta. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìgbà dé ìgbà ló sì yẹ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Síbẹ̀ fún ìbéèrè kejì, n kò rí ohun tó dára jù ú lọ, torí òun ni yóò rí ìsopọ̀ tó ti dẹ̀, ìsọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbàgbé áátì rẹ̀, àti wáyà tí wọ́n pè ní 2.5 mm² tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ìṣírò kò lè rí ìkankan nínú wọn.

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ iná ní Lọ́ńdọ̀n mọ tábìlì BS 7671, ìlànà iná ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: 1.37 Ω ni òkè ààlà fún B32, 1.09 Ω fún C20. Nọ́ńbà wọ̀nyí wà fún wáyà tó ti gbóná, òwúrọ̀ tútù lẹ sì sábà máa ń wọn ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi 0.8 lu ààlà kó tó fi wé ohun tí tẹ́sítà sọ. Ẹni tó ka 0.94 Ω lórí C20, tó ní òun ti yege, kò tíì yege o, 0.87 ni kó fi wé e.

Nílé wa ńkọ́? Wáyà méjì ni wọ́n sábà máa ń fà láti orí òpó wọlé, fẹ́ẹ̀sì àti níútírà. Áátì jẹ́ irin tí onílé fúnra rẹ̀ gbá mọ́lẹ̀. Irin tó gùn ní mítà 1.2, tó nípọn ní mìlímítà 16, nínú ilẹ̀ tí ρ rẹ̀ (bí erùpẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó) jẹ́ 200 Ωm, ìdíwọ́ rẹ̀ ń lọ sí 143 Ω. Ẹ fi pín 230 fóólítì: áńpù 1.6. Fẹ́ẹ̀sì lè fara kan ara fíríìjì láti àárọ̀ dalẹ́, bírékà C20 kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn fíríìjì náà ni yóò mọ̀. Níbi tí tẹ́sítà bá ti sọ 143, RCD, ẹ̀rọ tó ń já bí iná bá ń jò lọ sílẹ̀, ni ìdáhùn. Èyí tó ń já ní 30 mA kò béèrè ju kí áátì má kọjá 1,667 Ω, ṣùgbọ́n bó bá ti lé ní 200, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò tún ga sí i. Ẹ gbá irin kejì sí i.

Ibi mẹ́ta ni tẹ́sítà ti ń tan ènìyàn jẹ. Ìtòsí tiransifọ́mà ni àkọ́kọ́. Ìdíwọ́ ibẹ̀ ń lọ sí 0.02 tàbí 0.03 Ω, ọ̀pọ̀ tẹ́sítà sì rèé, 0.01 ló lè rí mọ. Bí àṣìṣe rẹ̀ bá jẹ́ díjítì mẹ́ta sókè sódò, àṣìṣe ti tó ohun tí à ń wọ̀n. Ó lè kọ áńpù 12,000 síta, ó lè kọ 5,000. Ẹ má fi ra bírékà. Ìkejì ni jẹnẹrétọ̀. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ wọn ọ́n, ti jẹnẹrétọ̀ lẹ wọ̀n, kì í ṣe ti ìta.

Ìkẹta ni ìǹfátà, òun ló sì ń dà mí láàmú jù báyìí tí sólà ti kún gbogbo òrùlé. Ìǹfátà 5 kVA, áńpù 22 ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà ṣọ́ọ̀tì, kò lè ju nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, lẹ́yìn náà yóò pa ara rẹ̀. Bírékà C20 lè fẹ́ tó áńpù 200 kó tó já lójú ẹsẹ̀. Ohm yòówù tí tẹ́sítà ìbá sọ, fífi ìdíwọ́ pín fóólítì kò nítumọ̀ níbẹ̀ mọ́, torí ìǹfátà fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ iye tó máa jáde.

Kọ̀ǹpútà

ETAP àti PowerFactory àwọn DIgSILENT ti Jámánì ni ẹ máa bá ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Owó gọbọi ni. Ẹni tí kò lówó tó sì lè kọ Python díẹ̀ lè lo pandapower, tí Yunifásítì Kassel àti Fraunhofer ní Jámánì kọ, tó sì ń ṣírò ṣọ́ọ̀tì ní ìlànà IEC 60909. OpenDSS ti EPRI, iléeṣẹ́ ìwádìí iná ní Amẹ́ríkà, náà wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún pánẹ́ẹ̀lì ilé búrẹ́dì kan, ìwọ̀nyí pọ̀ jù. Ibi tí wọ́n ti ń wúlò ni ibi tí orísun ti ju ẹyọ kan lọ, tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú 33 kV, tàbí níbi tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí fẹ́ẹ̀sì kan tó kan ilẹ̀ yóò ṣe. Ẹnjiníà Charles Fortescue ló fi ọ̀nà hàn lórí èyí lọ́dún 1918, nígbà tó pín iná tí kò dọ́gba sí ìpín mẹ́ta. Nínú ìṣírò náà, ìdíwọ́ tí wọ́n bá fi sáàárín níútírà tiransifọ́mà àti ilẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta la gbọ́dọ̀ kà á. Mo ti rí ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí rẹpẹtẹ tó gbàgbé mẹ́ta yìí. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe tí n kò fẹ́ ni pé, bí ẹ kò bá fún un ní nọ́ńbà, yóò fi ti inú àpò ara rẹ̀ dípò. Tiransifọ́mà tí ẹ rà lọ́jà lè jẹ́ 4%, tirẹ̀ lè jẹ́ 6%, èsì yóò sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ àti ìlà tó dùn ún wò. Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ fi bírò ṣírò ojú ibi kan ṣoṣo.

Kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè sọ ìdíwọ́ ojú ṣọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ fún yín. Àbá la máa ń dá. Bí iná bá ń fò láàárín wáyà méjì, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Warrington fún wa ní ìṣírò kan: fún mítà kan tí iná fò, ìdíwọ́ rẹ̀ ń lọ sí 1.8 Ω bí áńpù bá jẹ́ 1,000, kò sì ju 0.2 lọ bó bá jẹ́ 5,000. Wáyà 11 kV tó já bọ́ sórí ọ̀dà gbígbẹ tún burú jùyẹn lọ: iná tó ń ṣàn lè má ju òdo lọ, kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wáyà máà rí nǹkan kan, kí wáyà ṣì wà láàyè nílẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ń ya iná iléeṣẹ́ kékeré tàbí ilé alájà mẹ́rin sórí ìwé: ohm, láìsí àwáwí. Ẹ lo kébù tútù àti fóólítì tó ga fún bírékà, kébù gbígbóná fún ìdí wáyà.

Ẹni tí oníbàárà dúró lé lórí, tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá bírékà ńlá ẹnu tiransifọ́mà tó: MVA tó. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá mítà díẹ̀ sínú kébù, kó padà sí ohm.

Iléeṣẹ́ tó ní orísun méjì sí mẹ́ta, tàbí ẹni tó ń ṣètò rílè (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wáyà) 33 kV: kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pandapower lálẹ́ òní, kó sì fi ohm yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń gbé lábẹ́ ìǹfátà, kó ka ìwé ìǹfátà náà, kó wo iye áńpù tó lè tú jáde àti ìṣẹ́jú àáyá mélòó, kó tó yan bírékà.

Oníṣẹ́ iná tó ń parí ilé, tẹ́sítà ni tirẹ̀, ní gbogbo ìsọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ẹyọ kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin onílé, kí ẹ tó san owó tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ bi í pé ohm mélòó ni áátì yín. Bó bá ní ó dáa, ẹ ní kó sọ nọ́ńbà.